Súìtì Ọwọ́ Bàbá Aláago

Oníbàárà kan tó wá gba aago ògiri rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó kí Bàbá Aláago, kò dáhùn. Ó tún un kí, ó rò pé etí bàbá ti ń di ni. Ìgbà tó fọwọ́ kàn án léjìká ni bàbá yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ kúrò lórí àga, ó sì balẹ̀. Oníbàárà figbe bọnu. Gbogbo aago ara ògiri ń lọ ní tiwọn, ẹni tó tún wọn ṣe ti kú.

Kí ọlọ́pàá tó dé, àdúgbò ti dá ẹjọ́ tán. Súìtì kan ló wà lọ́wọ́ òkú, eyín sì ti jẹ bébà rẹ̀ létí. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ń bá bàbá jà. Egbò kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò jiná, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, orí ìka rẹ̀ sì ti kú débi pé kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́.

"Ọ̀fun ló pa á," ni obìnrin aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ wí. "Alátọ̀gbẹ tó ń lá súìtì! Àbí kí la fẹ́ pe ìyẹn?"

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹnu ayé. Òkú ò lè fèsì, ni kálukú ṣe ń sọ èyí tó wù ú.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Má-sáré. Ẹnu ara rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí bí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ bá ti fẹ́ parí ọ̀rọ̀, òun á ní, "Má sáré." Ó yí ṣọ́ọ̀bù náà po, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo súìtì yẹn títí.

"Sájẹ́ǹtì, kí lo rí?"

"Súìtì, ọ̀gá. Ó wọ̀ ọ́ lójú, ó jẹ ẹ́, ó kú."

"Má sáré. Ṣé ó jẹ ẹ́?"

Sájẹ́ǹtì wò ó dáadáa. Súìtì náà ṣì wà nínú bébà rẹ̀ odindi. Ìtìjú mú un. "Kò jẹ ẹ́, ọ̀gá."

"Ìka rẹ̀ ò lè ṣí i, ló ṣe ń fi eyín já a. Ẹni tó kàn fẹ́ dun ẹnu ara rẹ̀ kì í jà báyìí. Ọkùnrin yìí ń wá ẹ̀mí ni."

Ìgò kékeré kan tó ti ṣófo tún wà lórí tábìlì, ọmọrí rẹ̀ pupa, òórùn ewé ń jáde nínú rẹ̀. Má-sáré gbé e sínú ọ̀rá. Ilé ìwádìí tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ló ni irú ìgò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ewé kan wo àtọ̀gbẹ, tí wọ́n sì ń wò ó bóyá lóòótọ́ ló ń jẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ló rán ènìyàn lọ ti yàrá tí wọ́n ń kó ìgò wọn pa mọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀.

Èsì dókítà tó ń yẹ òkú wò ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. "Kì í ṣe ṣúgà ló pọ̀ jù lára rẹ̀," ló wí. "Àìsí ṣúgà ló pa á. Oògùn tí ń lé ṣúgà wálẹ̀ ló kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣe á máa gbọ̀n, á máa làágùn, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Bí kò bá tètè rí nǹkan dídùn fi sẹ́nu, ó parí nìyẹn."

Súìtì tí wọ́n ní ó pa bàbá, òun gan-an ni ì bá gbà á là.

Má-sáré lọ bá ìyàwó olóògbé nílé. Ó bá a nínú ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́ kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Irú oògùn wo ni bàbá ń lò?"

"Kò lo oògùn kankan. Ilé ìwòsàn fún un ní oníhóró, ó kọ̀ ọ́. Ó ní òun ò lè gbé ohun tí òun ò mọ inú rẹ̀ mì. Aago ni tirẹ̀, àfi kó tú nǹkan palẹ̀ kó tó gbà á gbọ́. Nígbà tí wọ́n ní ewé ni ilé ìwádìí ń fún àwọn ènìyàn, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ewé lòun mọ̀."

"Súìtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Dókítà obìnrin ilé ìwádìí ló fún un. Ó ní bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n, kó tètè lá a."

"Ta ló ń bu oúnjẹ fún un?"

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Èmi ni! Ẹ mú mi, ọ̀gá. Èmi ni mo pa á! Mo ń wo ẹsẹ̀ yẹn bó ṣe ń jẹrà. Wọ́n ti ní àwọn á gé e. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbé oògùn yẹn mì. Ni mo bá ń lọ ààbọ̀ hóró, mo ń pò ó mọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀. Ó bi mí pé kí ló dé tí ọbẹ̀ yìí ń korò, mo ní iyọ̀ tuntun ni. Ọ̀gá, ó gbà mí gbọ́! Ẹni tí kì í gba aago gbọ́, ó gbà mí gbọ́."

Sájẹ́ǹtì ti ń wá ṣẹkẹṣẹkẹ̀ nínú àpò. Má-sáré wò ó.

"Má sáré," ló wí.

Ó gba ìyókù hóró náà lọ́wọ́ ìyá, ó fi ránṣẹ́ sí dókítà tó yẹ òkú wò. Èsì tó padà wá kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Oògùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ òkú. Ti ìyàwó kò tó nǹkan, òun nìkan ì bá má pa á. Èkejì, ìyẹn oògùn mìíràn pátápátá, ló pọ̀ rẹpẹtẹ.

"Ọwọ́ mìíràn ti wọ ọ̀rọ̀ yìí," ni Má-sáré wí. Àwọn méjèèjì kọrí sí ilé ìwádìí.

Apoògùn ló kọ́kọ́ gbà wọ́n sínú yàrá tó ti ń se ewé. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan ni, ó sì lẹ́nu. "Ọ̀gá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ló wí. "Àrùn la lè wò, a ò lè wo ikú. Ìkòkò méjì ni mo ń gbé kaná. Ewé tòótọ́ wà nínú ọ̀kan. Èkejì, omi kíkorò lásán ni, àwọ̀ kan náà, òórùn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Àwọn kan ń mu ti ọlọ́mọrí pupa, àwọn kan ń mu ti ọlọ́mọrí aláwọ̀ ewé. Èmi nìkan ló mọ èyí tó jẹ́ ewé. Dókítà gan-an ò gbọ́dọ̀ mọ̀, kí ìfẹ́ má baà fọ́ ọ lójú nígbà tó bá ń wọn ṣúgà wọn."

"Ta ló ń dé ọmọrí?"

"Dókítà ni. Ó ní ọwọ́ tiwa kò mọ́ tó. Mo ní kò burú, iṣẹ́ dín kù fún mi nìyẹn."

Dókítà náà wà nínú yàrá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú bí ẹni tí kò sùn. Fọ́tò ìyá arúgbó kan nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn wà lórí tábìlì rẹ̀, ìyá náà kò ní ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ìyá mi ni," ló wí kí wọ́n tó bi í. "Àtọ̀gbẹ gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún gba ojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí."

"Dókítà, ṣé ewé yín lè pa ènìyàn?"

"Ewé wo? Láéláé! Ẹ mu ún lówùúrọ̀, ẹ mu ún lálẹ́, kò ní ṣe yín ní nǹkan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ."

"Súìtì tí ẹ fún bàbá ńkọ́?"

Ó ń to bébà orí tábìlì rẹ̀. "Gbogbo wọn ni mo ń fún. Ìtọ́jú lásán ni."

Má-sáré dúpẹ́, ó jáde. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí náà wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń retí àyẹ̀wò. Ó jókòó tì wọ́n, ó bá wọn tàkúrọ̀sọ. Ọkùnrin kan tó ń mu ti ọlọ́mọrí pupa fi súìtì tirẹ̀ hàn án nínú àpò. Ọlọ́mọrí pupa mìíràn náà ní tirẹ̀. Ó wá yíjú sí obìnrin aláwàdà kan tó ń mu ti aláwọ̀ ewé.

"Súìtì? Èmi?" Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kí dókítà sọ mí sí títì ni? Búrẹ́dì lásán tí mo jẹ lánàá, ó bá mi wí bí ẹni tó jalè!"

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Má-sáré náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Dókítà, Apoògùn àti ìyàwó olóògbé pàdé òun ní yàrá tí wọ́n ti ń mu ewé. Sájẹ́ǹtì gbé ìgò ọlọ́mọrí pupa kan wá láti inú yàrá tí ọlọ́pàá ti tì. Má-sáré ṣí i.

"Dókítà, èmi náà ní àtọ̀gbẹ nílé wa," ló wí. "Ẹ ní kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan. N kò tíì jẹun láti àná, ẹ jẹ́ kí n fi ṣínu."

Ó gbé e sẹ́nu. Dókítà fò dìde, ó gbá ìgò náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, omi ewé dà sí gbogbo àyà rẹ̀.

"Ẹ má mu ún! Ẹ ò tíì jẹun!"

Dókítà fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó rọra jókòó.

"Mo dúpẹ́ pé ẹ ò jẹ́ kí n mu ún," ni Má-sáré wí. Ó ń fi áńkáṣífù nu àyà. "Ìyẹn fi hàn pé ẹ kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí mo ṣe rò ó. Ta ló ń fún alátọ̀gbẹ ní súìtì? Ẹni tó mọ̀ pé ṣúgà rẹ̀ fẹ́ tán ni. Ewé tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ kò lè lé e wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, oògùn líle ló lè ṣe é. Ẹ tún ní gbogbo wọn lẹ ń fún, àwọn ọlọ́mọrí pupa nìkan ni mo bá a lọ́wọ́ wọn. Apoògùn, èwo ni pupa?"

"Ewé tòótọ́ ni," ni Apoògùn wí. Ẹnu rẹ̀ tó máa ń yá kò yá mọ́. "Dókítà, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo ti bá ewé yẹn gbé títí," ni Dókítà wí. "Imú mi mọ̀ ọ́n." Omijé ti ń bọ́. "Ewé náà ń jẹ́! Mo fi Ọlọ́run búra, ó ń jẹ́, ó kàn ń lọ́ra ni. Àwọn tó ń fi owó ràn wá lọ́wọ́ ní bí àwọn ò bá rí nǹkan gidi, àwọn á ti ilé yìí pa. Mo rò pé kí n máa bu oògùn díẹ̀ sí i nígbà tí mo bá ń dé ọmọrí, kó tì í lẹ́yìn. Díẹ̀ péré. Mo béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn bóyá wọ́n ń lo oògùn mìíràn. Bàbá ní òun ò lo nǹkan kan."

"Òótọ́ tó mọ̀ ló sọ," ni Má-sáré wí. "Ṣùgbọ́n ó wá bá yín pé ara òun ń gbọ̀n. Àbí kò wá?"

Dókítà bojú. "Ó wá."

"Ẹ ò dá oògùn yẹn dúró. Súìtì lẹ fún un."

"Òun lara rẹ̀ ń dáhùn jù nínú gbogbo wọn! Ṣúgà rẹ̀ ń wálẹ̀ bí idán, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ máa pa ojú dé. Mo ń fi í yangàn. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀."

Ìyàwó olóògbé gbé orí sókè. "Ó máa ń fi ayọ̀ wọlé ni, á ní, 'Ìyàwó mi, ewé ń jẹ́ o!' Èmi á máa rẹ́rìn-ín nínú mi. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, ewé kọ́, èmi ni." Ó yíjú sí Dókítà, kò pariwo. "Ìwọ náà sì ń rẹ́rìn-ín níbí."

Kò sẹ́ni tó lè wo ojú rẹ̀.

Sájẹ́ǹtì mú Dókítà jáde. Ó rìn lọ láìjà, ó ń bẹ Apoògùn pé kó tètè gba gbogbo ìgò pupa lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má mu ún mọ́. Apoògùn sáré lọ.

Ìyá ṣì jókòó. "Ọ̀gá, ẹ mú èmi náà."

"Ìyá, ààbọ̀ hóró tiyín ò lè pa á. Ilé ìwòsàn ló fún un lóògùn náà. Òfin ò ní nǹkan tó fẹ́ fi yín ṣe. Ẹ máa lọ sílé."

"Mo purọ́ fún un láràárọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ta ni yóò wá bá mi wí?"

Má-sáré ṣí fìlà, ó jókòó tì í.

"Òun nìkan ló máa ń bá mi wí," ni ìyá wí. "Ẹ ò sì lè bá mi jí i, kí n sọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀ fún un."