Olè Tó Gbálẹ̀ Kó Tó Lọ

Ilẹ̀kùn ni wọ́n jí. Kì í ṣe ilẹ̀kùn ilé. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni, ti apá òsì píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan tí kò kúrò lójú kan láti ọdún mẹ́rin, tí adìẹ ti sọ di ilé.

Sájẹ́ńtì Oyèwọlé dúró sí ẹnu àtíbàbà Ràsákì pẹ́ńtà ní Ìlá, láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lọ́dún 1957. Ó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kàdúná, kò sì sẹ́ni tó ń dúró dè é nílé. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ni wọ́n jí, yóò lọ wò ó.

"Ìgbà wo lo rí i gbẹ̀yìn?"

"Lánàá, sà, kí n tó lọ kírun Jímọ̀. Ògiri yìí ni mo fi tì. Nígbà tí mo máa dé, mi ò bá a mọ́." Ràsákì di ọwọ́ Sájẹ́ńtì mú. "Sájẹ́ńtì, ẹ gbà mí. Ọmọ Ìlọrin ni mí, àlejò ni mí níbí. Bí wọ́n bá pè mí lólè pẹ́nrẹ́n, ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ wá fún mi?"

Sájẹ́ńtì wo inú àtíbàbà yíká. Agolo ọ̀dà tuntun mẹ́ta wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n. Òòlù wà níbẹ̀. Sípánà wà níbẹ̀. Ó wá wo ilẹ̀.

"Ìwọ lo gbálẹ̀ yìí?"

"Ilẹ̀ kẹ̀?" Ràsákì wolẹ̀, ẹnu yà á. "Rárá o. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń họ ọ̀dà lára ilẹ̀kùn yẹn. Èérún ọ̀dà ló kún gbogbo ibí yìí."

Ojú ìgbálẹ̀ hàn gbangba lórí yẹ̀pẹ̀. Ẹni tó gbá a fara balẹ̀ gbá a, ó gbá a dé igun ògiri. Sájẹ́ńtì ti rí olè tó gbàdúrà kó tó fọ́lé. Ó ti rí olè tó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀bà onílé. Olè tó gbálẹ̀ kó tó lọ, èyí ni àkọ́kọ́.

"Kí ló dé tó o fi ń họ ọ́?"

"Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni, sà. Ìyá Bernice ló ni ọkọ̀. Wọ́n fẹ́ kí n tún un kùn kó dà bí ìgbà ayé ọkọ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi rí àwọ̀ kan mú. Àwọ̀ ewé ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ aró ni bàbá gbé e dé. Wọ́n ní kí n họ ilẹ̀kùn kan, kí àwọn lè rí méjèèjì pa pọ̀."

"Wọ́n wá wò ó?"

"Lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n fọwọ́ pa á títí. Wọ́n wá ní, 'Kun ún ní èyí tó bá ti wù ọ́.' Wọ́n sì lọ."

"Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ya èmi náà lẹ́nu."

"Kí lo bá lábẹ́ ọ̀dà ewé yẹn?"

"Aró náà ni. Ó ṣì ń dán, oòrùn ò tíì pa á rárá tí wọ́n fi kun ewé lé e lórí. Ojú ọgbẹ́ kan tún wà níbẹ̀, ó gùn tó apá mi, wọ́n fi pútì dí i." Ó fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀. "Ibí yìí ló mọ."

Ojú àpá kì í kúkú jọ ojú ara. Sájẹ́ńtì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gba ọ̀bẹ tí Ràsákì fi ń họ ọ̀dà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Èérún kan há sí ìdí èèkù rẹ̀, kò ju èékánná lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, inú rẹ̀ jẹ́ aró. Ó fi bébà sìgá wé e, ó sì tì í bọ àpò.

Àlàbí alágbẹ̀dẹ ló wà ní òdìkejì títì. Ẹni tó ń fi irin jẹun, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi léèrè bí irin bá sọnù. Àlàbí ò bínú. Ẹ̀rín ló rín.

"Sájẹ́ńtì, odindi ẹ́ńjìnnì wà níta gbangba, n ó wá lọ jí ilẹ̀kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́? Kí n fi rọ kí ni? Ṣíbí?"

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá wá irin wá kò ní dúró gbá èérún ọ̀dà. Àwọ̀ ni olè yìí wá kó.

"Ta lo rí tó kọjá lákòókò ìrun?"

"Àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn tó ń ti oko bọ̀. Ìyá Bernice kọjá pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí, aláró ni wọ́n, wọn kì í yéé ru aṣọ. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn, àmọ́ wọn ò yíjú sí mi. Wọ́n sì máa ń dúró bú mi kí wọ́n tó lọ."

Alfred ló kù. Òun ni dẹ́rẹ́bà tó wa píkọ́ọ̀pù náà nígbà ayé Ọláyọdé, ọkọ Ìyá Bernice. Sájẹ́ńtì bá a ní gáréèjì, ó ń nu gíláàsì bọ́ọ̀sì rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì lo bẹ Ìyá Bernice kí wọ́n ta ọkọ̀ yẹn fún ọ."

"Mo bẹ̀ wọ́n, sà. Wọ́n ní àwọn ò tà á. Wọ́n ní kí n kàn máa wá wà á wọ àgbàlá lálaalẹ́ bó bá ti dára tán, kí àwọn máa gbọ́ ìró rẹ̀." Ó mi orí. "Ilé yẹn dá lójú wọn, sà. Ó dá jù."

Ọ̀rọ̀ náà ba Sájẹ́ńtì níbi tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. "Ibo lo wà lọ́sàn-án àná?"

"Mo gbé èrò lọ sí Ire. Àgbà ìjọ mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ mi. Ẹ bi wọ́n."

"Ìgbà wo ni píkọ́ọ̀pù yẹn di àwọ̀ ewé?"

"Ọdún tí sòbìà dá mi dùbúlẹ̀ ni. 1947. Oṣù méjì ni mi ò lè fẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Àwọ̀ ewé ni mo padà bá."

"Ta ló ń wà á ní gbogbo ìgbà yẹn?"

"Ọ̀gá fúnra wọn ni, sà."

Bírò Sájẹ́ńtì dúró. Ó mọ ọdún yẹn. Ó ń gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀ ni.

Lọ́dún 1947, ọkọ̀ kan gbá Àdìsá, ọ̀dọ́ télọ̀ ará Ọ̀rà, lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Onímọ́tò kò dúró. Àdìsá kú sójú títì. Àṣàkẹ́, ìyá rẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn, nìkan ló rí i. Ó ní ọkọ̀ dúdú ni. Wọ́n wá ọkọ̀ tó dú bí èédú káàkiri, wọ́n sì mú dẹ́rẹ́bà kan ní Ìrèsì. Ìlọrin ni dẹ́rẹ́bà ọ̀hún wà lọ́jọ́ náà, ẹlẹ́rìí rẹ̀ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹjọ́ tú ká. Gbogbo ayé ní Àṣàkẹ́ pa irọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Láti ìgbà náà, obìnrin yìí kò ná ọjà Ìlá mọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í yà kí i.

Ṣùgbọ́n aró ni ti Ọláyọdé. Aró kì í ṣe èédú. Sájẹ́ńtì pa ìwé rẹ̀ dé, ó forí lé ilé Ìyá Bernice.

Ilé oníyàrá mẹ́jọ ni. Aláǹtakùn ti ta sí ẹnu ilẹ̀kùn méje nínú wọn. Bernice, ọmọ kan ṣoṣo, ti relé ọkọ ní Jọ́ọ̀sì. Moríyọ̀, Ìyá Bernice fúnra rẹ̀, wà lẹ́yìnkùlé nídìí ìkòkò aró, ọwọ́ rẹ̀ rẹ láró dé ìgúnpá. Aṣọ tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ wà lórí okùn. Òmíràn sì wà tó tẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ lórí ìkòkò méjì. Omi ń kán sí i láti orí okùn. Tó. Tó. Tó.

"Ẹ káàbọ̀, Sájẹ́ńtì. Ẹ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè lọ. Ẹnikẹ́ni ò wá síbí látàárọ̀ àná."

Ó jókòó. "Ìyá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn."

"Ẹ jẹ́ kó lọ. Ilẹ̀kùn lásán ni."

"Ràsákì ni wọn óò pè lólè."

Ó fa aṣọ kan jáde nínú ìkòkò, ó gbé e sókè kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó wò ó, kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta rèé tí mo rì í. Ó kù díẹ̀ kó dú."

"Kó dú kẹ̀? Aró mà ni."

Ẹ̀rín pa á, ẹ̀rín àgbà obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ọkùnrin! Aró tó bá jinná dáadáa, kí là ń pè é? Kì í ha ṣe dúdú ni?"

Ọdún mẹ́wàá ló wó lu àyà Sájẹ́ńtì Oyèwọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ni kọ́ńsítébù tó ṣe ògbufọ̀ láàárín Àṣàkẹ́ àti ajẹ́lẹ̀ òyìnbó lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Dúdú ló gbọ́. Blákì ló kọ lédè òyìnbó. Inú blákì yẹn ni wọ́n sì tún ti túmọ̀ rẹ̀ padà fún ìlú: ọkọ̀ tó dú bí èédú. Kò sẹ́ni tó tún bi obìnrin náà pé dúdú wo.

Ó wá tẹ́tí. Omi nìkan ló ń kán. Tó. Tó. Tó. Omi tó ń kán sórí aṣọ tó tẹ́ sórí amọ̀ kì í dún báyẹn.

Ó dìde, ó sì ká aṣọ náà kúrò. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló wà lórí ìkòkò méjèèjì bí ọmọrí. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ewé, ìdajì jẹ́ aró. Ọgbẹ́ gígùn kan là á láàárín.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ gbé e. Ẹ dúró dìgbà tí Ràsákì lọ kírun. Ẹ fi aṣọ wé e, ẹ rù ú, ẹ gba iwájú Àlàbí kọjá. Ta ni yóò bi aláró léèrè ẹrù aṣọ? Àfi pé irin wúwo, ẹ ò lè yíjú kí i."

Moríyọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sẹ́.

"Ẹ̀yin náà lẹ gbálẹ̀."

"Àwọ̀ yẹn wà nínú èérún náà. Mi ò fẹ́ kí ojú kankan rí i." Ó nu ojú, aró sì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Nígbà tí wọ́n ń wá ọkọ̀ tó dú bí èédú, ọkàn mi balẹ̀. Mo ní tiwa kọ́. Àfìgbà tí mo rí ọgbẹ́ yìí lọ́jọ́bọ̀. Mo rántí pé wọ́n ní ọwọ́ kẹ̀kẹ́ Àdìsá tẹ̀ kọdọrọ. Mo sì rántí ọ̀sẹ̀ náà."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà?"

"Ọláyọdé pè mí. Ó ní, 'Moríyọ̀, mo fẹ́ kun ọkọ̀ yìí. Àwọ̀ wo ló wù ọ́?' Sájẹ́ńtì, ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo lò nílé rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tó bi mí ní ohun tó wù mí nìyẹn. Mo ní àwọ̀ ewé. Inú mi dùn, mo korin sùn. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú rèé láti ọjọ́ tó ti kú, pé ó bi mí nígbà kan." Ẹkún gbà á. "Èmi ni mo yan ohun tó fi bo ẹ̀jẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò ju ilẹ̀kùn náà sódò?"

"Apá òsì ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí."

Sájẹ́ńtì náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú omi aró, pẹ̀lú ṣòkòtò ìjọba. Ó sọ ti blákì fún un. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí kò tíì yé òun náà títí di òní.

"Ọláyọdé ti kú," Moríyọ̀ wí nígbẹ̀yìn. "Orúkọ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù fún mi. Ẹ jẹ́ kó sùn."

"Ràsákì ò kú, Ìyá. Àṣàkẹ́ náà ò kú."

Moríyọ̀ wo ilẹ̀kùn náà. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún," ó ní. Kò parí òwe náà. Ó lọ wá okùn tí wọn óò fi di ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Moríyọ̀ dúró níwájú gbogbo ìjọ, ó ní òun lòun gbé ẹrù ara òun, kí ẹnikẹ́ni má fi pe Ràsákì lólè. Lọ́jọ́ Ajé, Alfred wa òun àti Sájẹ́ńtì lọ sí Ọ̀rà.

Àṣàkẹ́ ń ṣa ẹ̀gúsí níwájú ilé. Ó ti gbó. Nígbà tó rí aṣọ ọlọ́pàá, ó dáwọ́ dúró.

Moríyọ̀ kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ láìfi bò. Pé ọkọ òun ni. Pé òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Pé nígbà tí òun mọ̀, òun tún gbìyànjú láti fi pa mọ́. Àṣàkẹ́ gbọ́ ọ tán. Kò pariwo, kò sì ní òun dárí jì í.

"Ẹ dìde," ó ní. "Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù."

Alfred gbé ilẹ̀kùn náà wá, ó fi ti ògiri. Sájẹ́ńtì ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tuntun. Ó bọ́ fìlà.

"Ìyá, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ nígbà yẹn. Mo ṣì í kọ. Àwọ̀ kí ni èyí?"

Àṣàkẹ́ sún mọ́ ọn. Ó fi ìka tọ ojú ọgbẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lórí àwọ̀ aró tó ń dán.

"Dúdú ni. Ṣebí mo ti sọ fún yín."

Ó kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

"Ẹ kà á fún mi," Àṣàkẹ́ wí.

Ó kà á. Obìnrin náà ní kó tún un kà, ó sì tún un kà. Ó wá fa àpótí méjì jáde fún wọn, ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.