Okùn Láàárín Kẹ̀kẹ́ Méjì

"Ó ti já," ni Nàfísàt wí. Ó dúró lẹ́bàá títì, ó gbé ṣéènì kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ dání bí ẹni gbé òkú ejò.

Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n jọ ń rìn dúró. Láti ìdájí ni wọ́n ti kúrò ní Òṣogbo, wọ́n ń padà sí Ọ̀fà níbi tí wọ́n ti gbéra lánàá. Wọ́n ti kọjá Ìkìrun, wọ́n ti kọjá Òkukù. Oòrùn ti mú kí ojú títì máa dán yinrin bí omi, itan gbogbo wọn sì ń ro wọ́n.

Rídwàn tó ṣètò ìrìnàjò náà pòṣé. "Ṣebí mo ní kó o jẹ́ kí wọ́n bá ọ wò ó l'Óṣogbo? Àwọn ọmọ kíláàsì wa ti wà ní ìdíkọ̀ réluwéè Ọ̀fà, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò wa. Nàfísàt, dúró síbí. Tá a bá dé Ọ̀fà, a máa rán ọlọ́kadà wá gbé ẹ."

"Èmi nìkan?"

Olúṣèyí, ọ̀kan nínú wọn, ń wo ilẹ̀. Susannah, ọ̀rẹ́ Nàfísàt láti kékeré, ń wo ṣéènì tó já náà. Ó rántí pé òun lòun lọ bẹ Alhaja Asiata, ìyá Nàfísàt, kó tó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. "A jọ ń lọ, a jọ ń bọ̀ ni, mà," ló wí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ délé. Ó sì fẹ́ wà nínú fọ́tò yẹn. Nígbà tí Rídwàn gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, òun náà gun tirẹ̀.

"Kò ní pẹ́," ló sọ fún Nàfísàt. Kò lè wo ojú rẹ̀.

Òkè kan wà níwájú. Susannah gùn ún dé orí, ó bojú wẹ̀yìn. Ó rí Nàfísàt tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, híjáàbù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára nítorí òógùn. Tírélà kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú sínú kòtò.

"Mò ń padà," ni Susannah wí.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Rídwàn kígbe. "Òkè tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn? A ò ní dúró dè ọ́ o!"

Wọn ò sì dúró.

Nàfísàt ò kí i káàbọ̀. Ó kàn ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ ni, ojú rẹ̀ wú, gíríìsì ti ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Susannah nawọ́ sí bọ́ọ̀sì kan, ṣùgbọ́n dírẹ́bà ní òun ò ríbi kó irin sí. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ni Susannah bá tú okùn tó fi di báàgì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó so orí kan mọ́ abẹ́ ìjókòó tirẹ̀, ó so orí kejì mọ́ ọ̀pá iwájú kẹ̀kẹ́ Nàfísàt.

"Gùn ún. Tí mo bá ti ní kó o tẹ bíréèkì, tẹ̀ ẹ́. Èmi á máa fà ọ́."

"O ò lè fà mí dé Ọ̀fà."

"Jẹ́ ká wò ó ná."

Bí wọ́n ṣe ń lọ nìyẹn. Tí ọ̀nà bá dagẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ méjèèjì á máa yí lọ fúnra wọn. Tó bá tẹ́jú, Susannah á máa wà á títí á fi máa mí hẹlẹhẹlẹ. Tó bá di òkè, àwọn méjèèjì á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa tì í. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ Ìnísà, Susannah dúró lójijì nítorí ewúrẹ́ kan. Nàfísàt rọ́ lù ú, àwọn méjèèjì sì yí gbirigbiri sínú koríko. Ó fẹ́ pa Nàfísàt lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀rín lọ.

"Kí ló dé tó o kọ́kọ́ lọ?" ló béèrè, níbi tí wọ́n nà sí.

"Mo fẹ́ wà nínú fọ́tò."

Nàfísàt dìde jókòó, ó gbọn koríko kúrò lára. Lẹ́yìn náà, ó na ìgò omi rẹ̀ tó ku ẹ̀kún ẹnu kan sí i. "Mu ún."

Nígbà tí wọ́n fi máa kọjá Ẹ̀rìn-Ilé, wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọlọ́kadà tí Rídwàn lóun máa rán, wọn ò rí i. Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó wọ Ọ̀fà. Kò sẹ́nì kankan ní ìdíkọ̀ réluwéè mọ́, wọn ò tilẹ̀ dúró níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ilé Nàfísàt, Alhaja Asiata sáré jáde, ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì fa Susannah mọ́ra. "Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san, ọmọ mi! Rídwàn ti délé tipẹ́tipẹ́. Ìwọ ni ò fi ọ̀rẹ́ rẹ sílẹ̀."

Susannah wo Nàfísàt. Nàfísàt bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọ ọwọ́. Ìbá rọrùn fún Susannah láti ṣe àmín kó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Mo kọ́kọ́ fi í sílẹ̀. Mo ti lọ kí n tó padà."

Alhaja wò ó. "Ìyẹn dùn mí," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo padà, ìwọ náà lo sì fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Dìde, wá jẹun."

Nàfísàt sún lórí bẹ́ǹṣì, Susannah sì jókòó tì í. Àwọn méjèèjì jọ ń jẹun.

Ìgbà ìpọ́njú là ń mọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá rẹ̀ wá gan-an ni ó máa ń rọrùn jù láti bá ẹgbẹ́ lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe tìtorí pé ẹgbẹ́ ń lọ kẹ́ ẹ fi ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá sì ti fi í sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú máa tì yín lọ síwájú. Ẹ padà, bó tilẹ̀ ti rẹ̀ yín.