Ohùn Kẹta Nínú Ẹ̀rọ

Àwọn méjì péré ló sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ohùn ẹni mẹ́ta ni ẹ̀rọ kọ sílẹ̀.

Ẹ̀rọ tuntun ni. Ọlọ́pàá á fẹnu sọ ohun tó rí, ẹ̀rọ á sọ ọ́ di ìwé. Inú Sájẹ́ńtì dùn sí i kọjá sísọ. Tẹ́lẹ̀, bó bá mú awakọ̀ kan tó mutí yó, títí ilẹ̀ á fi ṣú ni yóò máa kọ̀wé, tí ọrùn ọwọ́ á máa ro ó bí ẹni fọ aṣọ odidi àdúgbò. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti ẹ̀rọ yìí kì í fọ́. Ṣe ló ń ṣà á jọ.

Awakọ̀ tó dá dúró lọ́jọ́ náà ń ta táyà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Sájẹ́ńtì ń sọ, ẹ̀rọ ń kọ: "Ojú rẹ̀ pọ́n. Òórùn ọtí ń jáde lẹ́nu rẹ̀." Lábẹ́ èyí, ìlà kan yọ tí ẹnikẹ́ni kò sọ: "Dádì, ẹ rọra. Ẹ wo iwájú!"

Sájẹ́ńtì yẹ inú ọkọ̀ ọkùnrin náà wò. Táyà ló kún ibẹ̀.

"Ọmọ ẹ dà?" ó rọra bi í.

"Ọmọ kẹ̀, ọ̀gá? Mi ò tíì bímọ."

"Ta ló wá ń pè ẹ́ ní dádì?"

Ọkùnrin náà ka ìlà náà, ojú rẹ̀ dá wáí. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ. Mi ò wakọ̀ yẹn mọ́ lónìí."

"Àfàìmọ̀ kí ẹ̀rọ yìí náà má ti mu nínú ọtí ẹ," Sájẹ́ńtì wí.

Ó fa ọkùnrin náà lé wọn lọ́wọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó padà sínú ọkọ̀, ó sì fa ìgò omi rẹ̀ yọ lábẹ́ ìjókòó. Kì í ṣe omi. Ìyàwó rẹ̀ ti fi omijé bẹ̀ ẹ́ pé kó má mu ún bó bá fẹ́ lọ gbé ọmọ wọn nílé ìwé, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ó ti búra fún un. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ń já, ó fẹ́ kó balẹ̀. Ta ni yóò sì yẹ ẹnu ọlọ́pàá wò? Ó gbé ìgò náà mu títí ó fi tán.

Nígbà tí ọmọ wọ ọkọ̀ níwájú ilé ìwé, ó kí bàbá rẹ̀, ó gbóòórùn ọtí, ó sì yíjú sí fèrèsé. Sájẹ́ńtì tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọmọ náà di àpò ìwé rẹ̀ mọ́ àyà.

"Dádì," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ rọra."

Orí Sájẹ́ńtì wú. Ó yíjú sí ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀, ó ń retí kó kọ ọ́. Iná rẹ̀ ń tàn, ó ń gbọ́, ṣùgbọ́n kò kọ nǹkan kan. Ó ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ojú rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀rọ nígbà tó rántí pé ó ku gbólóhùn kan nínú ìlà tí ẹ̀rọ ti kọ, ó sì gbọ́ tí ọmọ náà fa èémí sínú láti pariwo.