Orúkọ Tó Ṣí Wáífáì Baba Akínpẹ̀lú

Kùù... ṣáá... kùù! Bẹ́ẹ̀ ni àpótí rédíò ara ògiri ṣe máa ń hó ní kùtùkùtù nílé bàbá Akínpẹ̀lú ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìyá rẹ̀ á wá gbé ohùn borí rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé: "Àdìó o!" Akínpẹ̀lú á sáré jáde. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pe àpótí náà, torí bó o bá bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní dá ọ lóhùn.

Ìlú Jọ́ọ̀sì lókè Ọya ni Akínpẹ̀lú yìí, tó ti di Baba Akínpẹ̀lú báyìí, ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó padà wálé sí ẹ̀yìn Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, Wáífáì ló kọ́kọ́ rà. Á gbé fóònù wọ ilé ìdáná, á gbé e dé ìdí máńgòrò, ó ń wá ibi tí Wáífáì dé.

"Àmọ̀kẹ́, wá wò ó! Ó la ògiri kọjá, kò lu ihò!"

"Bàbá Fèyí, ẹ má fi fóònù yín bọnú ọbẹ̀ mi o," ni Àmọ̀kẹ́ aya rẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́, wí.

Oríkì aya rẹ̀ yìí náà ni Baba fi ṣe páswọ́ọ̀dù. Ó ní ta ló máa mọ̀ ọ́n?

Kò pẹ́, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ sẹ́bàá ògiri rẹ̀, fóònù lọ́wọ́. "Ẹ kú ilé o, Bàbá! Ẹ ó pẹ́ fún wa o!" Inú Baba dùn. Àdúgbò yìí mọ àgbà kí o!

Àárọ̀ Sátidé kan, wọ́n ń sọ ọmọ Olúwafèyíkẹ́mi, ọmọbìnrin Baba, lórúkọ ní Ìlú Ọba. Baba ni yóò fún ọmọ náà ní oríkì, lórí fídíò. Ó wọ agbádá, ó tún ọ̀fun ṣe. Àwòrán bá dúró gbagidi.

"Bàbá, a ò gbọ́ yín o!"

"Mo ní oríkì rẹ̀ ni..."

"Hẹ̀lóò? Bàbá? Pásítọ̀ fẹ́ gbàdúrà ìparí o!"

Fèyíkẹ́mi ti di asọ̀rọ̀mágbèsì mọ́ ọn lọ́wọ́. Baba figbe ta: "Ta ló ń jẹ dátà mi?"

Igbe yẹn ló gbé Raliat wọlé, aládùúgbò wọn tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Kí ni páswọ́ọ̀dù yín?"

"Àṣírí ni."

"Ṣé kì í ṣe Àmọ̀kẹ́?"

Baba sún mọ́ ọn. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ojoojúmọ́ lẹ ń ké e lágbàlá: 'Àmọ̀kẹ́ o! Àmọ̀kẹ́ èmi nìkan!' Ó mà ti di ti gbogbo wa."

Àmọ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Fèyí, ẹ fi mí ṣe kọ́kọ́rọ́, ẹ tún ń fi mí polówó!"

"Bọ́ọ̀lù ni àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yìn ògiri yín ń wò lórí rẹ̀," Raliat wí. "Àmọ́ bí ẹnì kan bá gba orí Wáífáì yín lu jìbìtì ńkọ́? Ilẹ̀kùn yín ni ọlọ́pàá ó kọ́kọ́ wá kàn. Ẹ yí páswọ́ọ̀dù yín padà: ẹ mú ọ̀rọ̀ mélòó kan tí kò bára wọn tan, ẹ fi nọ́ńbà há a láàárín. Kó má jẹ́ orúkọ, kó má jẹ́ ọjọ́ ìbí. Tí àlejò bá tọrọ, àpótí Wáífáì yìí ní ti àlejò lọ́tọ̀, tó ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀."

Baba kọ̀yìn sí wọn, ó tẹ tirẹ̀. Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn ògiri: "Yéè! Ó ti lọ!"

Ojú fídíò là.

"Pásítọ̀, ẹ dúró o! Àyọ̀ká! Àyọ̀ká ni oríkì rẹ̀!"

Ìlú Ọba hó yèè. "Ó mà dùn o, Bàbá!" ni Fèyíkẹ́mi wí. "Òun ni màá fi ṣe páswọ́ọ̀dù wa níbí!" Kí Baba tó lanu, ó ti pa fóònù.

Baba jókòó, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, títí tó fi fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́:

"Fèyí, má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ máa ké Àyọ̀ká síta láràárọ̀ kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Ohun tí oríkì wà fún nìyẹn. Ohun tí ẹ ò ní fi pe ẹnikẹ́ni ni kí ẹ fi ṣe páswọ́ọ̀dù, ẹ má sì sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ ò lè fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé lọ́wọ́. Tó o bá ti kà á, fèsì."