Ẹni Tí Wọ́n Máa Ń Pa

Ṣòkòtò ló gbé Elkanah dé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Nkololoun, àdúgbò kan ní Douala. Ó ta ẹsẹ̀ sókè níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, ìdí ṣòkòtò sì fàya. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀ ni.

Ó ní kàrátè lòun ń jà nínú fíìmù, òun ò sì ṣẹ́gun rí. Òun ni wọ́n máa ń gbá lulẹ̀, òun ni wọ́n máa ń pa. Mo ní irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Lọ́sẹ̀ kejì ó tún dé, ṣòkòtò kankan ò sì ya. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wá ṣe.

Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo máa ń fi omi gbígbóná jó orúnkún rẹ̀ tó wú. Douala níbẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ń tiro, àmọ́ ó mọ Àbẹ̀kẹ́, oríkì mi, pè dáadáa.

Bàbá mi, alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló dá wa dúró. Wọ́n ní àwọn ò ní fa ọmọ àwọn fún ẹni tó ń fi ikú ṣeré. Èmi bẹ̀, ìyá mi bẹ̀, wọ́n sì rọ̀ díẹ̀. Kó máa jà, kó máa ṣubú, wọ́n gbà.

“Àmọ́ ọjọ́ tó bá wọ pósí, kó má wò mí lójú mọ́.”

A ò tíì ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tán tí Boris, ọ̀gá tó ń darí fíìmù, fi ní kí Elkanah wá ṣe akọni. Ohun tó ti ń wá láti kékeré nìyẹn. Yóò ṣẹ́gun gbogbo wọn, àmọ́ lópin fíìmù akọni á kú, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sínú pósí, ojú rẹ̀ á hàn kedere. Ó bẹ Boris kó yọ pósí kúrò. Boris kọ̀ jálẹ̀.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. “Àbẹ̀kẹ́, kí ni kí n ṣe?”

Inú bí mi. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni màá sọ ọ́? Tí mo bá ní kó lọ, mo pàdánù rẹ̀. Tí mo bá ní kó má lọ, mo gba ohun tó ń fi ara rẹ̀ wá kiri lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti sú mi.

“Mi ò fẹ́ kí o lọ,” ni mo wí.

Ó mi orí, ó sì lọ sọ fún Boris pé òun ò ní ṣe é. Aurélien, òṣèré mìíràn, ni wọ́n fi ṣe akọni náà.

A ṣègbéyàwó. Bàbá mi fi ọwọ́ ara wọn fà mí lé e lọ́wọ́, inú mi sì dùn, mi ò ní purọ́. Elkanah wá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kàrátè ní Logbaba. Kò bú mi rí. Ká ní ó tiẹ̀ bú mi ni, ì bá sàn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n gbé fíìmù náà sórí tẹlifíṣọ̀n, a sì jọ wò ó. Aurélien gbìyànjú, ẹni tó bá ní kò gbìyànjú, irọ́ ló pa. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú pósí, ìyàwó akọni ń sunkún. Elkanah sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

“Ó mí,” ni ó wí. “Ṣé o rí àyà rẹ̀?”

Mo ní mo rí i.

“Ká ní èmi ni, mi ò ní mí.”

Kò bínú sọ ọ́. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Mo gbé ọwọ́ lé e láyà.

“Máa mí, olówó orí mi,” ni mo wí. “Jọ̀ọ́, ìwọ ṣáà máa mí.”