Oúnjẹ Ọ̀fọ̀ Tí Mo Dá Padà

"Nunzia, gba ìkòkò yìí lọ́wọ́ mi, ó gbóná."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ọbẹ̀ adìyẹ ni. Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú."

"Agata, ta ló kú?"

"Ṣé kì í ṣe Gaspare ni?"

Mi ò fọwọ́ kan ìkòkò náà. Ní Sísílì níbí, ilé tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ kì í dáná. Aládùúgbò ló ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Gaspare ọkọ mi wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sójú òkun. Ó ń súfèé, ó ní kọfí mi dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Àlejò yín. Ó kan ilẹ̀kùn mi, ó ní kí n gbé oúnjẹ ọ̀fọ̀ lọ sílé Nunzia."

Ó ti tó ọjọ́ méjì tí ọkùnrin náà ti gba yàrá òkè ilé mi. Ó ní òun wá wo ìlú àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wa. Mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn rí. Láràárọ̀ tí mo bá wọlé láti tẹ́ ibùsùn rẹ̀, aṣọ orí ibùsùn náà kì í rún.

"Gbé e padà," mo ní.

"O mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀fọ̀ kì í padà sílé ẹni tó sè é."

"Ọkọ mi ò kú. Gbé e kúrò lójú mi."

"Jẹ́ kí n lọ dà á sókun, nígbà náà."

"Òkun tí Gaspare wà? Ṣé orí ẹ pé?"

Agata wò mí títí. "Ó dáa, alágídí. Turi á jẹ ẹ́ tó bá tòkè dé. Ebi kì í jẹ́ kó tiẹ̀ bi mí pé oúnjẹ kí ni."

Turi ni ọkọ rẹ̀. Orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa ló ti ń da ewúrẹ́.

Nígbà tí Agata gbé ìkòkò rẹ̀ lọ tán, mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wo òkun. Ẹ̀yìn ọrùn mi ṣàdédé tutù.

"Ẹ ti dá a padà, mà?" Àlejò náà ló wà lẹ́yìn mi.

"Mo ti dá a padà."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọ̀nà júwe fún.

Oòrùn ń rọlẹ̀ nígbà tí Gaspare wọlé pẹ̀lú agbọ̀n ẹja. Mo di ẹ̀wù tútù rẹ̀ mú, mo ń sunkún.

"Kí ló dé?" ó ní. "Ẹja ni mo pa, mi ò pààyàn."

Ìgbà náà la gbọ́ agogo ọrùn ewúrẹ́. Wọ́n ń tòkè bọ̀, wọ́n kún ojú títì, kò sí ẹni tó ń dà wọ́n. Ọkùnrin mẹ́rin wà lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan léjìká. Aṣọ òjò Turi ni wọ́n fi bo ohun tó wà lórí rẹ̀.

Agata jáde sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò ké. Kò wo ilẹ̀kùn náà. Èmi ló ń wò.

Àlejò náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

"Ẹ ti ń lọ?" Gaspare bi í. "Ẹ ò tíì rí ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó dé fìlà rẹ̀. Èmi ló kọjú sí tó fi fèsì, jẹ́jẹ́, bó ṣe ń bọ́ síta.

"Ẹ wá nǹkan sè fún wọn, mà. Wọn ò gbọdọ̀ dáná lónìí."