Ẹni Tó Bá Lè Rìn

Bí Ọládèjì bá ti lajú ní Montréal, ohùn kan ló kọ́kọ́ máa ń gbọ́, láti ogún ọdún ó lé wá. Ohùn obìnrin tó ti há ni. Ó ké ní Faransé, ó ké ní Mina, ó wá ké ní Yorùbá: “Ẹni tó bá lè rìn, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi!”

Ọ̀sán Sátidé ni, ní ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn kan ní Lomé. Bọ́ọ̀sì méjì ti forí sọra lọ́nà Avépozo. Ogójì èèyàn ló wà nílẹ̀, nọ́ọ̀sì mẹ́ta péré ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọládèjì di ọwọ́ Ayọ̀bámi, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì tí kò sì lè dìde, mú. Ó gbójú sókè, ó rí nọ́ọ̀sì tó ń ké náà, Angèle, lórí bẹ́ńṣì, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé, pupa àti dúdú rọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Ọládèjì lè rìn. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ àbúrò rẹ̀, ó lọ. Angèle so aláwọ̀ ewé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tó fi padà, wọ́n ti bo Ayọ̀bámi lójú, dúdú wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó rò pé òkú ni wọ́n ń so ó mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, kò yé lọ wẹ ọgbẹ́ èjìká rẹ̀ lọ́dọ̀ Angèle.

“Monsieur, ọgbẹ́ yín ti jinná láti Jímọ̀. Kí lẹ tún ń wá?”

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa bọ̀.”

“Ẹ̀yin ará Nàìjíríà yìí, ẹ lẹ́nu o!” Ọmọ Ifẹ̀, Yorùbá ilẹ̀ Tógò, láti Atakpamé ni, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú.

Ọdún kan kọjá, wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Angèle jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Hanoukopé.

“Dèjì mi, mi ò lè gbé èyí wọlé rẹ. Èmi ni mo so dúdú mọ́ àbúrò rẹ. Ó ṣì ń mí.”

“O ní kí ni?”

“Ẹni tí agbára wa ò ká mọ́ là ń so ó mọ́. Bí mo bá dúró tì í, mẹ́rin mìíràn á kú.”

“O fi í sílẹ̀.”

“Mo fi í sílẹ̀.” Kò wá àwáwí kankan.

Ọládèjì dìde. Kò padà mọ́. Ó kọ lẹ́tà, ó ya á. Ó tún kọ, ó tún ya á.

Lánàá ni Élise, àbúrò Angèle, fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: “Ẹ̀gbọ́n, Sanguéra la wà. Kò lọ́kọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ, dókítà ò sì ṣèlérí ọdún tuntun fún wa. Ó ní kí n má sọ fún yín.”

Ọládèjì tẹjú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ títí. Ó wá kọ ọ́, ó sì fi ránṣẹ́:

“Angèle mi, èmi náà jọ̀wọ́ ọwọ́ Ayọ̀bámi. Mi ò lè dárí ji ara mi, mo wá di ẹ̀bi náà rù ọ́. Má dìde. Èmi ṣì lè rìn. Mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ.”